Bí iná mọ́tò bá kú, ẹ mọ bí ọwọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà wa, bí iná tí ẹ fi ń yà bá kú lójijì láàrin Òṣogbo sí Iléṣà, kí lẹ máa ṣe? Ọ̀pọ̀ wa á kàn yọ ọwọ́ síta, a á sì yà. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wakọ̀ ṣáájú ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972, ẹ gbọ́ o. Nígbà náà, apá òsì títì là ń gbà ní Nàìjíríà, apá ọ̀tún mọ́tò ni dírẹ́bà ń jókòó sí. Bó bá na ọwọ́ ọ̀tún síta tààrà, ọ̀tún ló fẹ́ yà. Ọjọ́ náà ni ìjọba yí i padà. Lónìí, ọwọ́ òsì là ń nà síta, òsì ló sì túmọ̀ sí.

Ẹ kọ́kọ́ wo díńgí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà sí òsì, ẹ na ọwọ́ tààrà, kí ẹni ẹ̀yìn ráyè rí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rọra tàbí dúró, ẹ da àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, kí ẹ máa gbé apá sókè sódò jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fà á wọlé, kí ọwọ́ méjèèjì di sítíárì mú kí ẹ tó yà. Ti ọ̀tún ṣòro láti fi ọwọ́ òsì sọ; ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ìwakọ̀ fi hàn yín.

Ọwọ́ kì í ṣe géètì: ó ń sọ èrò yín ni, kò dá mọ́tò kankan dúró. Lóru, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ẹ má sì juwọ́ sí ẹni ẹ̀yìn pé kó kọjá yín. Ẹ ò mọ ohun tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀.

Ẹ sọ fún ọmọ yín tó ń gun ọ̀kadà pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú un sáré, òun náà ló wà nídìí bíréèkì iwájú. Ọwọ́ òsì nìkan ni kó máa fi júwe. Àgbà tí èjìká ń dùn, tí apá rẹ̀ kì í tètè wọlé, kó má gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ rárá.

Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ yọ ọwọ́ ní wíńdò. Bí mọ́tò bá gbá apá rẹ̀, ẹ má fà á, ẹ má fi òróró wọ́ ọ. Ẹ fi pátákó pẹlẹbẹ àti aṣọ gbé apá náà dúró, kí ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Ọwọ́ wà fún pàjáwìrì ni. Ẹ pààrọ̀ gílóòbù tó kú kí ẹ tó gbéra: owó rẹ̀ kò tó owó ìtọ́jú apá kan.