Ìlú Charleston àti Ọgbọ́n Àwọn Àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ìlú Charleston, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, wà lára àwọn ìlú àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1670, tí wọ́n sì fi orúkọ Ọba Charles Kejì sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé ní èbúté rẹ̀ ni ìbọn Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ dún ní ọdún 1861. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tí ó mọ ibi tí owó tí a fi kọ́ àwọn ilé ńláńlá inú rẹ̀ ti wá.

Ìrẹsì ni ó mú owó náà wá. Àbàtà ni ó yí ìlú náà ká, iṣẹ́ ìrẹsì kò sì mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lára. Àwọn ará Sàró, Gáńbíà àti agbègbè wọn ni wọ́n ti ń gbìn ín láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn oníṣòwò Charleston bá ń polówó ẹrú nínú ìwé ìròyìn, wọn a máa tẹnu mọ́ ọn pé láti etíkun tí a ti ń gbin ìrẹsì ni a ti kó wọn wá. Àwọn ẹrú wọ̀nyí ni ó gbẹ́ kòtò omi, tí wọ́n gún ìrẹsì nínú odó, tí wọ́n sì fi agbọ̀n fẹ́ ẹ.

Ní erékùṣù Bunce, ní ẹnu odò Sàró, Richard Oswald ará London wà lára àwọn tí ó ni ilé olódi tí a ń kó ẹrú sí. Henry Laurens ni ó ń bá a tà wọ́n ní Charleston. Nígbà tí Amẹ́ríkà jà fún òmìnira, Laurens di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀. Ní ìlú Paris, ní oṣù kọkànlá ọdún 1782, Oswald fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Laurens pẹ̀lú fi ọwọ́ sí i ní orúkọ Amẹ́ríkà. Laurens sì rí i pé a kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ kó ẹrú lọ. Báyìí ni ìwé òmìnira ṣe di ìwé ìdè fún ẹlòmíràn.

Títí di òní, àwọn Gullah, ọmọ-ọmọ àwọn àgbẹ̀ náà, ṣì ń hun agbọ̀n bí ti àwọn baba ńlá wọn. Ní ọdún 2018, ìgbìmọ̀ ìlú náà tọrọ àforíjì nítorí òwò ẹrú. Ní ọdún 2023 ni a sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní èbúté tí a ti ń sọ àwọn ẹrú kalẹ̀. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni ó sọ Charleston di ọlọ́rọ̀. Ó tó àkókò kí a dárúkọ àwọn tí ó ni ọgbọ́n náà.