Eré Àdáṣe Tí Ẹnìkan Kì Í Dá Ṣe

Ní apá ìparí ọdún 1975, ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rusty Rutherford jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ẹ̀ka tí ó ń bá ṣiṣẹ́ ń ṣèwádìí lórí iye ènìyàn àti ọ̀rọ̀ iná òun epo. Wọ́n ti fún ẹ̀ka náà ní àyè mélòó kan lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n máa kó iṣẹ́ wọn sí. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń lò ó, pedit5 ni orúkọ tí wọ́n kọ sí i. Ibẹ̀ ni Rutherford kó eré rẹ̀ sí, orúkọ tó dà bíi ti fáìlì ọ́fíìsì yìí ni eré náà sì ń jẹ́ títí dòní.

Ihò kan ni, lábẹ́ ilẹ̀, iyàrá inú rẹ̀ tó 40 sí 50. Ìwọ nìkan ni ó máa wọ̀ ọ́. Ìwọ ni jagunjagun, ìwọ ni oṣó, ìwọ náà ni àlùfáà. O ń wá wúrà, àwọn ẹ̀dá abàmì ń wá ọ. Bí o bá jáde láàyè, wàá padà lọ lọ́jọ́ mìíràn pẹ̀lú agbára tó ju ti àná lọ. Bí o bá kú, ó tán. Kò pẹ́ tí àwọn alábòójútó ẹ̀rọ fi rí i, wọ́n pa á rẹ́, torí iṣẹ́ ni wọ́n ṣe fún ẹ̀ka náà láyè. Eré náà tún padà. Wọ́n tún pa á rẹ́. Ó tún padà. Kì í ṣàì sí ẹnìkan tó ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ibi tí ìtàn yìí ti máa ń wọ̀ mí lára jù lọ nìyẹn. Pedit5 wà lára àwọn tó pẹ́ jù lọ nínú irú eré kọ̀ǹpútà yìí, èyí tí àwọn tó ń ṣe é ń pè ní RPG, tó ṣì wà lọ́wọ́ wa. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ kankan ló pa á mọ́. Àwọn tó ti wọ ihò náà, tí wọn kò lè pa ẹnu mọ́ nípa ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, ni wọ́n kọ̀ tí wọn kò jẹ́ kó kú. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni irú eré yìí ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀: ẹnìkan ló ń jókòó tì í, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé e dúró.

Ọdún kan ṣáájú, ní 1974, ni Gary Gygax, tó ń gbé ní Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, àti Dave Arneson láti Minnesota gbé eré orí tábìlì kan jáde, Dungeons & Dragons. Páálí 1,000 péré ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ẹ má rò ó bíi lúdò. Àwọn ènìyàn yóò jókòó yí tábìlì ká, ẹnìkan nínú wọn yóò máa ròyìn: ilẹ̀kùn kan rèé níwájú yín, nǹkan kan ń mí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn yòókù yóò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọn yóò ju dáìsì, dáìsì ni yóò pinnu bóyá idà ba ọ̀tá tàbí kò bà á. Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938 mọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, tí ewu ń tẹ̀lé ewu, tí iwin ń jáde láti ibi tí a kò fojú sí. Àmọ́ Àkàrà-oògùn ló ń yan ọ̀nà nínú ìwé Fágúnwà. Nídìí tábìlì yìí, ìwọ ni wàá yàn án.

Ìnira ibẹ̀ ni pé ìṣirò pọ̀ fún ẹni tó ń ròyìn, kò sì rọrùn kí ọ̀rẹ́ márùn-ún ráyè lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Kì í rẹ kọ̀ǹpútà, ìṣirò sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ìyẹn ló mú kí Rutherford àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ronú sí i.

Ẹ̀rọ tí wọ́n lò yẹ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. PLATO ni orúkọ rẹ̀. Donald Bitzer ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Illinois ní 1960, ìdí tó fi ṣe é kò ju pé kí kọ̀ǹpútà máa kọ́ ọmọ ilé ìwé. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1970, ojú ẹ̀rọ náà ń tàn bí ẹyin iná, àwọ̀ ọsàn pípọ́n, èèyàn sì lè fi ìka tẹ̀ ẹ́ lójú kí ó dáhùn. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ni wọ́n so ọ̀pọ̀ irú ojú bẹ́ẹ̀ mọ́, láti ilé ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn, láti ìlú kan dé òmíràn. Láti 1973 ni àwọn tó ń lò ó ti ní ibi tí wọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn wá kà á kí ó fèsì. Ẹ wò ó bí ó ṣe bọ́ síra: inú ilé kan náà ni wọ́n bí eré àti ọ̀rọ̀ nípa eré sí. Ẹni tó bá kú sínú ihò lóru lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan náà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àwọn mìíràn rí pedit5, wọ́n kọ tiwọn. Gary Whisenhunt àti Ray Wood ní Southern Illinois University kọ èyí tí wọ́n pè ní dnd. Wọ́n fi dírágónì wúrà kan sí ìsàlẹ̀ pátápátá kó máa ṣọ́ ìṣúra, torí náà eré wọn ní òpin, ó ní ọ̀tá tí ó tóbi ju gbogbo ọ̀tá lọ. Ní 1977 ni Oubliette dé. Ẹni tó bá dá wọ ìyẹn kì í pẹ́ kó tó kú, àfi kí ó kó ẹgbẹ́ jọ, ènìyàn gidi tó jókòó síwájú ojú ẹ̀rọ mìíràn. Bíi ìdí ayò ọlọ́pọ́n ló rí lójú mi. Ẹni méjì ló ń ta ayò, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé àwọn tó dúró yí wọn ká ló ń mú un dùn?

Ní Yunifásítì Cornell ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì, Andrew Greenberg àti Robert Woodhead, ń kọ irú eré yìí fún Apple II, kọ̀ǹpútà kékeré tí ènìyàn lè gbé sílé. Wọ́n da iṣẹ́ pọ̀, ilé iṣẹ́ Sir-Tech sì gbé e jáde ní 1981, Wizardry. Ọba kan tí orí rẹ̀ ti dàrú, Trebor, ló ń rán ọ níṣẹ́. Oṣó tó jí oǹdè rẹ̀ gbé ni Werdna. Ẹ ka orúkọ méjèèjì láti ẹ̀yìn wá, ẹ ó rí Robert àti Andrew.

Mo ti ṣe eré tó lẹ́wà jù ú lọ, n kò tíì ṣe èyí tó mú mi tó o. Ènìyàn 6 ni o ń kó lẹ́yìn wọ ihò ìpele 10. Ìlà tín-ín-rín ni wọ́n fi ya ògiri, kò sí ohun mìíràn lójú. Ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì 20 ní ìbú, 20 ní òró. Ẹ̀rọ kì í ya àwòrán ọ̀nà fún ọ; ìwọ ni wàá mú ìwé alámì mẹ́rin-mẹ́rin, irú èyí tí a fi ń kọ́ ìṣirò níléèwé, tí wàá máa fa ìlà bí o ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ibì kan wà tí òkùnkùn bò. Ibì kan wà tí yóò yí ọ padà láìjẹ́ pé o mọ̀, tí wàá rò pé o kọjú sí ìlà oòrùn, àríwá ni o ń lọ. Gbogbo ohun tí o yà lẹ́yìn ìyẹn, irọ́ ni.

Ikú wá ńkọ́? Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, o lè gbé òkú rẹ̀ lọ sí tẹ́ńpìlì, kí o sanwó kí wọ́n jí i. Ó lè jí. Ó sì lè di eérú. Wọn yóò tún gbìyànjú lórí eérú náà, bí ìyẹn bá kùnà, ó lọ ráúráú, ẹ̀rọ sì ti kọ ọ́ sórí díìsìkì kí o tó ráyè pa iná. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá kú sínú ihò, ibi tí wọ́n ṣubú sí náà ni òkú wọn ń wà. Àfi kí o tọ́ àwọn mìíràn dàgbà kí wọ́n lè lọ gbé wọn wálé. Mo ti ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú àwòrán tí mo yà lọ́wọ́, tí mo ń ka ìṣísẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ títí mo fi kó wọn dé òkè.

Abájọ tí àwọn ènìyàn fi ń wá ara wọn kiri. Wọ́n ń ṣe ẹ̀dà àwòrán ọ̀nà fún ara wọn, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn. Nínú Computer Gaming World, obìnrin kan tó ń fi orúkọ Scorpia kọ̀wé fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ àwọn tó sọnù sọ́nà. Kì í sì í bo eré tí kò dára láṣìírí.

Lẹ́tà ló yí Richard Garriott náà lọ́kàn padà. Ọmọ ilé ìwé girama ní Texas ni nígbà tó kọ Akalabeth. Inú ọ̀rá ló kọ́kọ́ kó díìsìkì rẹ̀ sí, ìyá rẹ̀ ló ya àwòrán iwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ Ultima, tó jáde ní 1981. Bí lẹ́tà àwọn tó ń ṣe eré rẹ̀ ṣe ń wọlé, ó rí i pé olè ni wọ́n ń jà, wọ́n ń pa ará ìlú tí kò ṣẹ̀ wọ́n, kí wọ́n lè tètè borí. Eré náà ni ó fi àyè gbà wọ́n. Ó lọ jókòó, ó ronú, nígbà tó di 1985 ó mú Ultima IV jáde. Kò sí oṣó búburú kankan ní ìsàlẹ̀ eré yìí. Ìwà mẹ́jọ ni o máa kọ́, òtítọ́ sísọ wà lára wọn, àánú wà lára wọn, ìrẹ̀lẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Afọ́jú ló ń ta egbòogi níbẹ̀. Yóò sọ iye fún ọ, ìwọ ni wàá tẹ iye tí o san, kò lè rí i. Bí o bá san kọ́bọ̀ kan, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, wàá sì kó egbòogi rẹ lọ. Kò sí ẹni tí yóò bá ọ wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wàá dé ojúbọ òtítọ́ tí wọn kò ní kà ọ́ mọ́ olóòótọ́. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú eré kọ̀ǹpútà láyé ìgbà náà, n kò rí èyí tó jinlẹ̀ tó afọ́jú yìí.

Láti ibẹ̀ ni irú eré yìí ti kọjá sí Japan. Yuji Horii, tó fẹ́ràn Wizardry àti Ultima, fi ohun tó kọ́ lára méjèèjì ṣe Dragon Quest ní 1986, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò mọ orúkọ PLATO sì ti ipa bẹ́ẹ̀ wọ ihò.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ní 2018, ọmọ Brazil kan, Felipe Pepe, parí ìwé ńlá kan lórí àwọn eré wọ̀nyí. Ó lé ní 100 ènìyàn tó bá a kọ ọ́ láìgba owó, ọ̀fẹ́ ni ó sì fi í sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan tún PLATO fúnra rẹ̀ gbé dìde lórí kọ̀ǹpútà òde òní, Cyber1 ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá fẹ́ lè wọ pedit5 níbẹ̀ lónìí, kò sí alábòójútó tí yóò pa á rẹ́. Ní 2024, ilé iṣẹ́ Digital Eclipse tún Wizardry ṣe, lórí ìpìlẹ̀ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì yẹn kọ gan-an. Ọdún yẹn kan náà ni Andrew Greenberg kú.

Ìpele kẹrin Wizardry ni mo wà báyìí. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣe é ti dé ìsàlẹ̀ tipẹ́, mo fi àwòrán mi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ó tún igun kan ṣe fún mi, ó ní, "Bí o bá ti gba ọ̀já aláwọ̀ búlúù níbẹ̀, ẹ̀rọ agbénirelẹ̀ á gbé ọ dé ìpele kẹsàn-án. Má wulẹ̀ ya ìkarùn-ún dé ìkẹjọ, kò sí ohun tí wàá fi wọ́n ṣe." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti ṣí ojú ewé tuntun fún ìkarùn-ún.