Ẹgbẹ́ Rọ́bọ́ọ̀tì Ọlọ́pọ̀ Ilé-Ìwé: Ta Ni Yóò Di Kọ́kọ́rọ́ Mú ní Ìgbómìnà?

Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ péré ni rọ́bọ́ọ̀tì kan fi ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì ìdíje FIRST LEGO League. Ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ fi bíríkì LEGO tò pọ̀ yóò dá rìn, yóò ti nǹkan, yóò gbé nǹkan, bí àṣẹ tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe wí. Adájọ́ á ka máàkì, ó parí. Ohun tí òǹwòran kì í rí ni oṣù mélòó kan tó ṣáájú, pàápàá bí àwọn ọmọ inú ẹgbẹ́ náà kò bá ti ilé-ìwé kan ṣoṣo wá. Ẹnì kan ti ní láti lọ bá púrínsípà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó wá ọkọ̀, kó wá iná, kó sì mọ ibi tí àpótí irinṣẹ́ ń sùn lálẹ́. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni mo fẹ́ sọ, torí pé ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, òun ni ẹgbẹ́ náà yóò dúró lé lórí tàbí kó má dúró rárá.

Àìní ló máa ń kó àwọn ilé-ìwé jọ. Ọ̀kan ní tísà físíìsì tó mọ iṣẹ́, kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ ni kò ní. Èkejì ní yàrá kọ̀ǹpútà àti jẹnẹrétọ̀, kò ní tísà. Ọmọ kan wà ní ẹ̀kẹta tó máa ń tú rédíò palẹ̀ tó sì ń tò ó padà, kò sì sẹ́ni tó ka ìyẹn sí ẹ̀kọ́. Owó ilẹ̀ òkèèrè sì ni a fi ń ra àpótí irinṣẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì. Kì í ṣe ohun tí ilé-ìwé ìjọba kan lè dá rà nínú owó tó ń wọlé fún un.

Dean Kamen, ará Amẹ́ríkà tó máa ń ṣe ẹ̀rọ tuntun, ló dá FIRST, àjọ tó wà lẹ́yìn ìdíje yìí, sílẹ̀ ní 1989. Òun àti Woodie Flowers, ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT, ni wọ́n jọ gbé ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ wọn kalẹ̀ ní 1992. Ní 2017 ni ìdíje mìíràn, FIRST Global, bẹ̀rẹ̀ ní Washington. Òfin rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni orílẹ̀-èdè kan lè mú wá, àwọn ọmọ ọdún 14 sí 18, àpótí irinṣẹ́ kan náà fún gbogbo wọn. Lórí pápá, orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni yóò para pọ̀ kojú mẹ́ta mìíràn, nítorí náà ẹni tí o bá dojú kọ láàárọ̀ lè di alábàáṣiṣẹ́ rẹ lọ́sàn-án. Nàìjíríà ti wà níbẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Nígbà tí ó fi máa dé Dubai ní 2019, orílẹ̀-èdè tó lé ní 190 ló kópa.

Ìtàn 2017 yẹn fi hàn kedere ibi tí iṣẹ́ wà. Àpótí irinṣẹ́ àwọn ọmọbìnrin Afganísítánì há sọ́wọ́ aṣọ́bodè fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì kọ̀ láti fún wọn ní físà kí ìjọba Amẹ́ríkà tó yí ọkàn padà. Wọ́n kọ́kọ́ fi físà du àwọn ọmọ Gáńbíà náà. Kò sí ìkankan nínú èyí tí ọmọdé lè fi kọ̀ǹpútà yanjú. Àgbàlagbà ló ní láti kọ lẹ́tà, kó pe fóònù, kó padà lọ lọ́jọ́ kejì.

Ní tiwa níbí, kì í ṣe físà ni ìdènà àkọ́kọ́. Òmù-Àrán, Èsìẹ́, Àràndún àti àwọn ìlú Òró kò jìnnà síra wọn, inú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn kan náà ni gbogbo wọn wà. Àjọṣe láàárín ìlú kì í sì í ṣe ohun àjèjì: ilé-ìwé girama Áńgílíkà kan wà tó ń jẹ́ orúkọ Èsìẹ́ àti Ìlúdùn pọ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa ń le ni ti ohun ìní. Bí àpótí bá wà lọ́fíìsì púrínsípà kan, láàárín sáà kan péré, àwọn ọmọ ilé-ìwé yòókù á ti di àlejò. Wọ́n á dé, wọ́n á bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n á sì máa dúró de ẹni tó lọ sípàdé n'Ílọrin.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ibi tí kì í ṣe ti ilé-ìwé kankan nínú àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ ló yẹ kí irinṣẹ́ wà. Ó lè jẹ́ gbọ̀ngàn ìlú. Ó lè jẹ́ yàrá kan ní Yunifásítì Landmark, tó ti wà l'Ómù-Àrán láti 2011 tó sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, bí àwọn aláṣẹ rẹ̀ bá gbà. Ibi yòówù tó bá jẹ́, kí olùdarí ẹgbẹ́ ní ìwé tí yóò máa kọ ohun tó jáde àti ohun tó wọlé sí, títí dé orí okùn ṣájà.

A ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irinṣẹ́ tí kò ní olùtọ́jú. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìjọba ra ẹ̀rọ láti òkèèrè fún ẹ̀kọ́ Introductory Technology, wọ́n sì pín in káàkiri. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, inú àpótí tó bá wá ló ti dípẹtà: kò sí iná, kò sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n máa gbé e sí, kò sí tísà tí wọ́n kọ́ ní lílò rẹ̀. Ó dùn mí pé a kò sọ ìtàn yẹn tó nígbàkígbà tí wọ́n bá tún ń pín ẹ̀rọ tuntun.

Lẹ́yìn àpótí, àkókò. Ọmọ SS3 kò lè fọkàn sí rọ́bọ́ọ̀tì nígbà tí WAEC bá ń bọ̀, nítorí náà láti JSS2 sí SS2 ló yẹ kí a ti mú ọmọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ní ti àwọn Mùsùlùmí, ọjọ́ Àìkú ní ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló kù, ọjọ́ yẹn náà sì ni òkú àti ìgbéyàwó. Àti pé ìyá tó bímọbìnrin yóò béèrè ìbéèrè tó tọ́: "Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa mú un wálé, aago mélòó?" Bí olùdarí kò bá ní ìdáhùn kan pàtó, ọmọkùnrin nìkan ni yóò kù nínú ẹgbẹ́ kí sáà tó parí, kì í sì í ṣe torí pé àwọn ọmọbìnrin kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Òfin FIRST LEGO League ni pé àwọn ọmọ ni yóò ṣe iṣẹ́ náà, àgbàlagbà kò gbọdọ̀ bá wọn kọ àṣẹ rọ́bọ́ọ̀tì tàbí tò ó. Èyí nira fún tísà tó ti mọ ìdáhùn. Nínú ẹgbẹ́ ọlọ́pọ̀ ilé-ìwé, ewu mìíràn tún wà: kí àwọn ọmọ ilé-ìwé olówó máa jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba máa gbé tábìlì. Olùdarí tó bá gbọ́n yóò da wọn pọ̀ ní méjì-méjì láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, yóò sì máa yí iṣẹ́ padà lọ́wọ́ wọn.

Rọ́bọ́ọ̀tì nìkan kọ́ ni wọ́n ń fún ní máàkì nínú FIRST LEGO League. Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ wá ìṣòro kan nínú ayé, kí wọ́n ṣèwádìí rẹ̀, kí wọ́n sì gbé ojútùú wá. Àkòrí tí wọ́n yàn fún sáà 2025 sí 2026 ni UNEARTHED, iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn. Nígbà tí mo rí i, Èsìẹ́ ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà níbẹ̀: ọkùnrin àti obìnrin lórí àpótí ìjókòó, pẹ̀lú irun dídì, ìlẹ̀kẹ̀ àti ohun ìjà. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ìwé fún ìjọ CMS, ló kọ ìròyìn wọn síta ní 1933. Ní 1945 sì ni mùsíọ́mù ibẹ̀ ṣí, àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ère náà ló ti kán. Orí wà níhìn-ín, ara wà lọ́hùn-ún. Ṣé kámẹ́rà fóònù lè ran àwọn olùtọ́jú lọ́wọ́ láti mọ orí tó bá ọrùn wo mu? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ọmọ ọdún 14 sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn rẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú mìíràn yóò ka nípa iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tiwa lè fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, kí wọ́n bi olùtọ́jú mùsíọ́mù léèrè ohun tó ń dà á láàmú. Sáà kan yóò kọjá, wọ́n á mú àkòrí mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn ère náà ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ ṣì wà lára wọn.

Ó kéré tán, àgbàlagbà méjì ni ìdíje náà ń béèrè fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ wa, agùnbánirọ̀ ló sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan, ọ̀dọ́ tó gboyè ẹnjiníà tí wọ́n rán wá kọ́ni. Ó máa ń fi tọkàntọkàn ṣe é, ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni yóò lò. Nítorí náà, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ ará ìlú: tísà tó kọ́lé síbẹ̀, tàbí oníṣẹ́ iná tó ti fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe dandan kó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa. Kó ṣáà mọ àwọn òbí, kí àwọn púrínsípà sì máa dá a lóhùn. Bí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa bá ń wá ohun tí wọ́n máa náwó lé, kí wọ́n má ṣe kọ́kọ́ ra rọ́bọ́ọ̀tì. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí owó ọkọ̀ ẹni yìí, epo jẹnẹrétọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àti bọ́ọ̀sì tí yóò dá ọmọ kọ̀ọ̀kan padà sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.