Iná Abẹ́ Omi fún Ọkọ̀ Ìgbafẹ́: Ẹ Ka Nọ́ńbà Kí Ẹ Tó Sanwó



Àárín odò méjì ni ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ wa wà. Odò Wẹ̀mẹ̀ wà ní ìwọ̀ oòrùn. Odò Ọ̀kpárá wà ní ìlà oòrùn, níbi ààlà Nàìjíríà. Ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn kan ń fi í sọdá, àwọn kan ń fi í pẹja. Ní Ganvié, lórí omi Nokoué nítòsí Kùtọnu, àwọn kan ń fi í gbé àlejò ṣeré, owó sì ń wọlé fún wọn.

Ẹni tó ní ọkọ̀ ìgbafẹ́ lè fẹ́ kí omi abẹ́ rẹ̀ máa tàn lálẹ́. Ó dùn ún wò, kò sì nílò owó ńlá. Àmọ́ iná àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń rà lè pàdánù owó rẹ̀. Ó tiẹ̀ lè fi ẹ̀mí àlejò rẹ̀ wewu.

Irú iná wo ló yẹ?

Ẹ ti rí iná kéékèèké tí àwọn onízémìjàn máa ń lẹ̀ mọ́ ara alùpùpù wọn. LED ni wọ́n ń pè é. Agbára díẹ̀ ló ń lò. Fóólùtì 12 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, bátìrì alùpùpù sì lè tan án. Irú rẹ̀ kan wà tí wọ́n ṣe fún abẹ́ omi. Òun la fẹ́.

Ẹ má ṣe ki iná SBEE tàbí iná jẹnẹrétọ̀ bọ inú omi láé. Fóólùtì 220 ni. Tí wáyà rẹ̀ bá bó nínú omi, ó lè pa ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ nítòsí.

Ẹ ka nọ́ńbà

Lára páálí iná náà, ẹ wá lẹ́tà méjì yìí: IP. Nọ́ńbà méjì ló ń tẹ̀lé e. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí eruku ṣe lè wọlé sí. Èkejì ń sọ ti omi. Èkejì yìí ni kí ẹ wò dáadáa.

IP65: omi tó ń ta sí i lára kò ní wọlé. Ó dára fún òjò. Kò dára fún abẹ́ omi.

IP67: ó lè wà nínú omi tí kò jìn ju mítà 1 lọ fún ìṣẹ́jú 30. Tó bá ṣèèṣì já sómi, kò ní bàjẹ́. Àmọ́ kì í ṣe ibùgbé rẹ̀.

IP68: ó lè pẹ́ lábẹ́ omi. Ẹ ka ohun tí ẹni tó ṣe é kọ: báwo ni omi náà ṣe lè jìn tó? Fún wákàtí mélòó?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní iná IP65 kan jẹ́ 1.000 fáráǹkì, kí IP68 jẹ́ 2.500. Tí omi bá ń wọnú ti àkọ́kọ́, tí ẹ rà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, 3.000 ti lọ. Èwo ló wá wọ́n jù nínú méjèèjì?

Ohun tí wọ́n kọ sára páálí lè má jẹ́ òótọ́. Ẹ dán an wò nílé. Ẹ rì í sínú garawa omi di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá rí ìrì nínú gíláàsì rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Bátìrì mélòó?

Ká ní iná 4 la fẹ́ lò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 3. 4 × 3 = 12. Wáàtì 12 nìyẹn. Ẹ fi fóólùtì pín in: 12 ÷ 12 = 1. Àńpíà 1 ni iná wa ń gbà.

Tí wọ́n bá kọ 7 Ah sára bátìrì, ó lè gbé àńpíà 1 fún nǹkan bí wákàtí 7. Àmọ́ ẹ má lò ó gbẹ. Bátìrì tí a bá ń lò gbẹ kì í pẹ́ kú. Ẹ lo ìdajì rẹ̀, bíi wákàtí 3 àbọ̀, kí ẹ tó gbà á lágbára padà.

Bí a ṣe ń de iná mọ́ ọkọ̀

1. Ẹ má lu ihò sára ọkọ̀ níbi tí omi ń dé. Ihò kékeré lè ri ọkọ̀.

2. Ẹ fi okùn de pákó kan mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ìdí pákó náà wọnú omi. Ara pákó yìí ni kí ẹ de iná mọ́. Tí ẹ bá dé èbúté, ẹ fa pákó sókè kí òkúta má fọ́ iná.

3. Ẹ mú wáyà gba etí ọkọ̀ wọlé. Ibi tí ẹ bá ti so wáyà pọ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè omi. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù dí i, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe wíńdò onígíláàsì ń lò.

4. Wáyà pupa lọ sí ibi àmì +, dúdú lọ sí ibi àmì −.

5. Ẹ fi fíúùsì àńpíà 2 sára wáyà pupa, nítòsí bátìrì. Tí wáyà méjì bá fara kanra, fíúùsì ló máa jó. Ọkọ̀ kò ní jó.

6. Ẹ gbé bátìrì sínú àpótí oníke, kó má fara kan omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ dè é kó má ṣubú. Tí ẹ bá ń gbà á lágbára, ẹ gbé e jáde síta, torí afẹ́fẹ́ tó ń ti ara rẹ̀ jáde lè gbiná.

Tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lórí Nokoué, ẹ máa fi omi tútù fọ iná náà lẹ́yìn iṣẹ́. Omi òkun máa ń wọ ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ sì máa ń jẹ irin àti wáyà kíákíá. Ti Wẹ̀mẹ̀ wa yàtọ̀: nígbà òjò, ẹrẹ̀ a pọ̀ nínú rẹ̀, iná abẹ́ omi kò ní tàn jìnnà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń dára.

Ohun tí iná yìí kò lè ṣe

Iná abẹ́ omi kì í jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn rí yín láti òkèèrè. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ gbọ́dọ̀ ní tọ́ọ̀ṣì funfun lọ́wọ́.

Òfin kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 1972, kí ọkọ̀ má baà máa kọlura lójú òkun. Ó ní ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ wà lè lo tọ́ọ̀ṣì funfun, kó sì tàn án kí ọkọ̀ mìíràn tó sún mọ́ ọn. Iná pupa jẹ́ ti apá òsì, aláwọ̀ ewé jẹ́ ti apá ọ̀tún. A kò gbọdọ̀ tan iná mìíràn tí èèyàn lè ṣì mú fún ìwọ̀nyí. Òkun ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ó bọ́gbọ́n mu lórí odò wa náà. Nítorí náà, iná funfun ni kí ẹ rà. Tí ẹ bá ń wa ọkọ̀ lọ, ẹ pa tabẹ́ omi.

Ẹja ńkọ́?

Iná ń pe kòkòrò, kòkòrò ń pe ẹja kékeré, ẹja kékeré ń pe ẹja ńlá. Àwọn apẹja adágún Tanganyika ní ìlà oòrùn Áfíríkà mọ èyí. Iná ni wọ́n fi ń kó ẹja jọ lóru. Àmọ́ ọmọ ẹja náà ń tẹ̀lé iná. Tí àwọ̀n bá kó ọmọ, kí la máa pa lọ́dún tó ń bọ̀? Òfin ẹja ilẹ̀ Gánà ka fífi iná pe ẹja léèwọ̀. Iná ìgbafẹ́ ni tiwa. Ẹ má fi í dẹ àwọ̀n. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ pa á.

Ẹ jẹ́ ká jíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín IP65 àti IP68?
2. Iná 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 2 ń gba àńpíà mélòó lórí fóólùtì 12?
3. Kí ló dé tí a kò gbọdọ̀ lu ihò sísàlẹ̀ ọkọ̀?
4. Ẹ mú páálí iná kan wá láti ilé. Ẹ ka gbogbo nọ́ńbà ara rẹ̀ fún kíláàsì.