Oògùn ojú kejì kò lé ti àkọ́kọ́ lọ

Bí dókítà bá fi oògùn ojú kejì kún ti àkọ́kọ́ nítorí glaucome, ẹ má ju ti àkọ́kọ́ nù. Ọ̀kan ṣoṣo ni kò ká agbára omi inú ojú. Omi yìí ń ba iṣan ìríran jẹ́ láìdunni, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ kì í padà mọ́.

Ẹ kán ọ̀kan, ẹ di ojú, ẹ fi ìka tẹ kọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ó di ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó kán èkejì, kó má baà fọ ti àkọ́kọ́ dànù. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, kó tètè sọ: timolol lè mú kí èémí há.