Ọkọ̀ Eré Roller Coaster: Ohun Tó Ń Ṣe Nínú Ara, Àti Àwọn Tí Kò Yẹ Kí Wọ́n Gùn Ún

Bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá dé, ọ̀pọ̀ ìdílé a máa kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ìgbafẹ́. Àwọn tó dàgbà sí Ìbàdàn kò ní ṣàì rántí Trans-Wonderland. Àwọn tí wọ́n ní ẹbí lókè òkun a sì máa dé Alton Towers nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí àwọn ọgbà ńláńlá ìlú Orlando ní ìpínlẹ̀ Florida. Ohun tí àwọn ọmọ sábà máa ń kọ́kọ́ sáré lọ bá níbẹ̀ ni ọkọ̀ eré orí irin tí a mọ̀ sí roller coaster. Ọmọdé nìkan kọ́ ló sì ń gùn ún. Ìyá àgbà tó wá kí àwọn ọmọ rẹ̀ láti Nàìjíríà, tí àwọn ọmọ-ọmọ ń fà lọ́wọ́ pé, “Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ,” náà máa ń bá wọn gùn ún. Ibí ni ọ̀rọ̀ ìlera ti wọ̀ ọ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń ru láìfi àmì kankan hàn, àwọn fúnra wọn kò sì mọ̀.

Ní ọdún 1884 tí LaMarcus Thompson ṣí irú ọkọ̀ yìí fún aráàlú ní Coney Island, ní New York, eré tó ń sá kò ju nǹkan bí kìlómítà 10 ní wákàtí kan lọ, sẹ́ǹtì 5 sì ni owó rẹ̀. Lóde òní, èyí tó ń sá ju kìlómítà 100 lọ kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Nínú púpọ̀ wọn, ṣéènì ló ń fa ọkọ̀ dé orí òkè. Láti ibẹ̀ lọ, agbára òòfà ilẹ̀ ni yóò máa gbé e.

Bí ó bá ń já wálẹ̀, ara a fúyẹ́, ìfun a sì dà bí ẹni pé ó ń léfòó nínú ẹni. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti já wọ kòtò lójijì rí, tàbí tó ti gun jáńgílófà ní kékeré, mọ bí ó ṣe ń rí. Bí ó bá dé ìsàlẹ̀ tó tún ń gòkè, ara a wúwo. Níbi tí agbára náà bá ti di ìlọ́po 3, ẹni tó wọn kìlógíráàmù 70 yóò mọ̀ ọ́n lára bí ẹni tó wọn 210, fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Ẹ̀jẹ̀ a máa wọ́ lọ sí ẹsẹ̀, ọkàn a sì ní láti ṣe wàhálà kí èyí tó tó lè dé ọpọlọ.

Òòyì àti èébì kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn. Nínú etí lọ́hùn-ún ni ọ̀pá tín-ín-rín mẹ́ta kan wà tí omi kún inú wọn. Bí orí ṣe ń yí ni omi náà ń yí, ibẹ̀ sì ni ọpọlọ ti ń mọ ibi tí ara dojú kọ. Nígbà tí ohun tí etí ń sọ bá yàtọ̀ sí ohun tí ojú rí, ọpọlọ a dàrú, inú a sì máa rú. Àwọn ọmọ ọdún 2 sí 12 ni èyí máa ń yọ lẹ́nu jù.

Ọ̀rọ̀ ọkàn ló gba àròjinlẹ̀. Ní ọdún 2005, àwọn dókítà láti Mannheim ní Jámánì gbé àbájáde ìwádìí kan síwájú àpérò àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn mọ́ ènìyàn 55 tí ara wọn dá ṣáṣá, wọ́n sì ní kí wọ́n gun Expedition GeForce, ọkọ̀ eré tó ń sá kìlómítà 120 ní wákàtí kan. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ọkàn wọn ń lù ní ìgbà 91 ní ìṣẹ́jú kan, ní ìpíndọ́gba. Nígbà tí wọ́n wà lórí rẹ̀, ó di 153. Ewu èyí kò tó nǹkan fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà náà kìlọ̀ pé kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí àrùn ọkàn ti kọ lù rí, àti ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń darí lílù ọkàn sí lára má ṣe gùn ún. Ó yẹ kí ìyá àgbà tí a mẹ́nu bà lókè ti yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò kí ó tó wọ bàlúù.

Fún àwa ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan tún wà tí pátákó ìkìlọ̀ ẹnu ọ̀nà kì í sábà sọ, èyí ni ọ̀rọ̀ ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Èso ẹ̀jẹ̀ pupa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa tẹ̀ bí dòjé nígbà tí ọ́síjìn bá dínkù, wọn a dí òpó ẹ̀jẹ̀, ìrora eegun a sì bẹ̀rẹ̀. Àìmu omi tó, òtútù àti àárẹ̀ wà lára ohun tó ń fà á, gbogbo wọn ló sì pé sí ọgbà ìgbafẹ́. Ẹ wo ọmọ tó dúró lórí ìlà fún wákàtí kan nínú oòrùn, tí kò mu omi kí ìtọ̀ má baà gbé e kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ wo èyí tó gun ọkọ̀ tó ń já sínú omi, tó rin gbingbin, tó sì tún gbé aṣọ tútù náà wọ òmíràn tó ń sáré nínú afẹ́fẹ́. Ní èrò tiwa, èyí léwu fún un ju gíga ọkọ̀ náà lọ. Kí òbí gba ìmọ̀ràn dókítà kí ìrìn àjò tó yá, kí omi mímu àti aṣọ gbígbẹ wà nínú báàgì, bí ọmọ bá sì ní ẹsẹ̀ ń ro òun, kí wọ́n gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀.

Aboyún kò gbọ́dọ̀ gùn ún rárá, nítorí pé mímì àti ìdádúró òjijì rẹ̀ lè mú kí ibi ọmọ ya kúrò lára ilé ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ọrùn tàbí eegun ẹ̀yìn ń dùn, àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ní ti òṣùwọ̀n gíga ẹnu ọ̀nà, kí òbí má ṣe bá òṣìṣẹ́ jà, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ bàtà gogoro fún ọmọ láti fi tàn wọ́n jẹ. Irin tó ń di ènìyàn mú lórí ìjókòó kò lè di ọmọ tí kò tó ìwọ̀n rẹ̀ mú.

Àǹfààní kan wà tó jọ àwàdà. Ní ọdún 2016, David Wartinger ti Michigan State University àti akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti gbé àwòṣe kíndìnrín tí òkúta kéékèèké wà nínú rẹ̀ gun Big Thunder Mountain Railroad ní Orlando ní ìgbà 20. Ní ìjókòó iwájú, nǹkan bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òkúta náà ló jáde. Ní ìjókòó ẹ̀yìn, nǹkan bí 64. Ìwádìí náà gba ẹ̀bùn Ig Nobel ní ọdún 2018, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún iṣẹ́ tó ń pani lẹ́rìn-ín kí ó tó múni ronú. Àwòṣe ni o, kì í ṣe ènìyàn. Ẹni tí òkúta kíndìnrín ń dà láàmú, dókítà ni kí ó lọ rí.

Nígbà tí ẹ bá wà lórí ọkọ̀, ẹ fi orí ti ìjókòó, ẹ má sì tẹ̀ síwájú láti wo ìsàlẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀, pé kí mímì orí já òpó ẹ̀jẹ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa sun níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Àgbàlagbà àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni èyí lè tètè bá. Bí orí fífọ́ kò bá lọ, tó ń le sí i, tí èébì, ojú ṣíṣú tàbí oorun àìnídìí bá tẹ̀lé e, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ẹ ti padà délé, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ gun ọkọ̀ eré.