Gbogbo Rẹ̀ Kọ́ Ni Ọ̀fìnkìn

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọyẹ́ bá ti gbé eruku Sahara dé Ìlọrin, gbogbo Ọjà Tuntun á máa sín. Ọ̀fìnkìn la ń pe gbogbo rẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo yìí ló ń ṣì wá lọ́nà. Ọ̀fìnkìn gidi máa ń ranni, ó sì sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ti eruku kì í ranni: imú á yún, ojú á yún, omi á máa dà nímú títí ọyẹ́ á fi lọ. Èwo wá ni kápúsù pupa-òun-yẹ́lò tẹ́ ẹ ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn? Tetracycline ni, bakitéríà ló ń pa, kì í pa eruku. (Kò tiẹ̀ wúlò fún ọ̀fìnkìn gidi pàápàá.) Ẹ bo imú, ẹ fi àkísà tútù nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀. Ẹni tí èémí rẹ̀ bá ń dún fíín-fíín, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ, kíá.